Má Pè Wá Ní Ìdájí Mọ́, Àkùkọ Wa Ti Dákẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé yàrá tí o gbà kò jò mọ́, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ti ń dá ọ lóhùn báyìí bí o bá kí wọn? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣìnà ní ìlú tí gbogbo ilé ti jọra wọn. Ẹ̀yìn ń dun ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí pé fóònù tí o rà fún mi gan-an ni ó dá wàhálà tí mo fẹ́ rò fún ọ sílẹ̀. Jókòó kà á, má kà á lórí ìrìn.

O mọ Kòtíìtán, àkùkọ wa pupa, tí a sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ó bá ń kọ, tí ènìyàn rò pé ó ti parí, kò tíì tán ni. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ wa mọ́tò wá láti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ohun ọ̀sìn ní ìlú yín. Ó ní irú àkùkọ tó ń fa ohùn gùn báyìí ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti kó adìẹ funfun tó ń tètè sanra wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì ti dàpọ̀. Ó ní Kòtíìtán nìkan ni òun tíì rí tí kò lábùlà ní gbogbo agbègbè yìí, pé bí ohùn rẹ̀ bá gùn tó bí àwọn ṣe ń fẹ́, òun ni yóò ṣe baba irú, wọn óò pín àwọn ọmọ rẹ̀ láti ilé dé ilé, wọn óò sì tọ́jú irú rẹ̀ sí bánkì. Mo bi í pé ta ni yóò máa buwọ́ lùwé bí a bá fẹ́ gbà á jáde. Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bánkì tó ń yọ díẹ̀ díẹ̀ nínú owó ìyá rẹ láìbéèrè, ṣé wọn ò ní máa fa ìyẹ́ adìẹ ni? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹyọ kan síbẹ̀ ká wò ó.

Ó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn Kòtíìtán sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fi ránṣẹ́ sínú tèmi. Ó ní ìyẹn kò tíì tó, pé òun óò gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn bọ̀. Télọ̀ tí a jọ pín ọgbà, nígbà tí a ṣì ń sọ̀rọ̀, ní òun óò bá mi ṣe é kí fóònù náà máa kọ bí àkùkọ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá pè mí. Inú mi dùn. Èmi àgbà yìí, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní ìdájí, o ní kò sí àkùkọ kankan ní àdúgbò yín, pé ibẹ̀ dákẹ́ jù, o fẹ́ gbọ́ ti ilé kí o tó jáde. Ọmọ mi, bí Kòtíìtán bá ti na ọrùn lórí ọgbà báyìí pé kí òun kọ, àkùkọ mìíràn á kọ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi tó wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Kòtíìtán wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá a lẹ́yìn ìkòkò omi. Ó fò mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi èékánná ya àyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́ kiri. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó gbà fún un. Àkùkọ tó ń gbọ́ ohùn ẹni tó jù ú lọ nínú ilé ara rẹ̀, tí kò sì rí ojú onítọ̀hún, kí ni kó ṣe? Ó dákẹ́. Ẹ̀bá ògiri ló ń gbà rìn bí àna tuntun. Èyí tó burú jù ni ti àwọn abo. Bí o bá ti pè, gbogbo wọn á sáré wá dúró sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń wò! Ìwọ á sì máa béèrè pé kí ló dé tí o kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ìyá rẹ á ní ó ṣì ń sùn. Àkùkọ!

Ǹ bá ní kí télọ̀ yọ ohun tó fi síbẹ̀, nítorí èmi kò mọ̀ ọ́n yọ, ṣùgbọ́n àkùkọ funfun rẹ̀ fo ọgbà wá bá àwọn abo wa. Mo sọ fún un pé adìẹ rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dáhùn pé tòun ṣáà lóhùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ń wò bí a bá ń kí ara wa. Ìyá rẹ ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. N kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. A dúró títí oòrùn fi là. Kòtíìtán wo obìnrin náà, ó wo àpò mi, ó sì wọ abẹ́ bẹ́ńṣì lọ. Obìnrin náà rọra ní bóyá ọjọ́ orí ti dé sí i, pé òun óò gbọ́ ti àkùkọ funfun télọ̀, àbọ̀-ẹ̀jẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ irú tiwa, bí kò bá sí òmíràn. Èyí tó ń kọ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú! Bí ìyẹn bá di baba irú, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ni irú tiwa parẹ́ sí. Bàbá mi kò fi ilé lé mi lọ́wọ́, kò fi ilẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Adìẹ yìí ló fi sílẹ̀.

Lánàá ni ìyá rẹ mú fóònù lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, Kòtíìtán gun orí ọgbà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kọ. Mo wọ bàtà méjèèjì, mo so okùn wọn, mo bu omi, kò tíì tán! Mo wá ẹni tí màá pè kó wá gbọ́, ewúrẹ́ nìkan ló dúró. Fóònù tí ǹ bá fi pe obìnrin náà kò sí nílé. Bí mo bá sì gbé e wálé, àkùkọ á tún pa ẹnu dé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nítorí náà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí iléeṣẹ́ wọn. Sọ fún obìnrin náà pé ohùn ti padà dé, kó wá ní ìdájí, kó má sì pè kó tó wá. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra wáyà tí màá fi gbé ọgbà ga, kí funfun yẹn má baà ráyè fò wá mọ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí n ra ṣẹ́ẹ̀tì. Kí o má sì pè wá ní ìdájí mọ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé rèé tí ìyá rẹ fi wọlé, tó ní kí n kà á sí òun létí. Ó ní kì í ṣe àkùkọ ni òun gbé pọ̀n, pé òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ òun kí ilẹ̀ tó mọ́, pé òun óò máa gbé fóònù náà lọ dúró lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí Kòtíìtán kò ti ní gbọ́. Mo ní ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀. Ó ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni kó sin òun.

Máa pè, jàre. Jẹ́ kó dún dáadáa kí o tó pa á, nítorí pé ìyá rẹ kò mọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé e, èmi ni màá sì gbé tọ́ọ̀ṣì dání.

Ilẹ̀ á máa mọ́ ọ ire. Ẹni tí yóò kí ọ káàárọ̀ kò ní wọ́n ọ níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.