Ẹ Wọn Ihò Àjà, Ẹ Kò Wọ̀n Mí

Odò-Lápòó, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 1974.

Jíbrílù Àkànní ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, fún Àlímọ̀t ìyàwó rẹ, àti fún èyí tó wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run tó yọ mí lókè àjà yín yóò máa ṣọ́ yín lókè, yóò máa ṣọ́ yín nílẹ̀. Ara mi le, àfi ibàdí tó ṣì ń dùn mí, o sì mọ ohun tó fà á. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, akọ ni méjèèjì, akọ kò sì lówó lórí bí abo, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á tán, mo tún un kà, bóyá ojú mi ló ń ṣì mí lọ́nà. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti wá wẹ ọmọ mọ́, pé àǹtí ìyàwó rẹ tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Sandgrouse ni yóò wẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo bí ọ! Èmi tí mo wẹ gbogbo ọmọ agboolé yìí tí orí ìkankan kò rí gbágungbàgun! Nítorí èéfín díẹ̀! Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnu onílé yín nìkan lo gbọ́.

Ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo sọ, nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Èkó, pé yàrá kan ṣoṣo kò lè gba àpò àgbàdo tí mo gbé wá fún ògì Àlímọ̀t, pé kí a gbé e sókè àjà. Inú mi dùn pé ilé Èkó náà ní àjà. O wá pe Kàsímù káfíńtà pé kó ṣe àkàbà tó so mọ́ ìlẹ̀kùn àjà, tí a lè ká bí ẹni ká ẹní sókè, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín há. Náírà méjìdínlógún ló gbà. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án nìyẹn, Jíbrílù, má jẹ́ kí orúkọ tuntun tí wọ́n sọ owó tàn ọ́. Ọparun méjì ni bàbá rẹ gé, ó fi okùn dì wọ́n, títí di òní ni à ń gun àkàbà yẹn, kọ́bọ̀ kò jáde. Mo sọ fún Kàsímù pé àkàbà tí kì í gbélé, ìdajì owó ló yẹ kó gbà, nítorí kò ní sí nílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yẹ kí n lọ ṣe lọ́yà ní kóòtù Igbóṣẹrẹ́. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó wọn ihò àjà náà, ó wọn igi, ó tún padà wọn ihò. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n mí. Mo ti ń wọn aṣọ fún oníbàárà láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi, ojú lásán ni mo fi rí i pé bí ẹni tó bímọ mẹ́fà bá gba ihò yẹn kọjá, yóò fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìwọ lọ síbi iṣẹ́, Àlímọ̀t lọ sí ọjà Èbúté Èrò. Mo gun àkàbà náà, mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo to àgbàdo sórí pákó, mo wá wòkè, mo wolẹ̀. Jíbrílù, kò sí iná lábẹ́ àjà yín! Àjà wo ni kò ní iná lábẹ́? Ìwọ tí o dàgbà nínú ilé ìdáná mi, ṣé o ti gbàgbé ohun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ àgbàdo ìrúgbìn wa? Níbí, bí àjà ẹnì kan kò bá yọ èéfín, a ó lọ wò ó bóyá kò kú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo da ẹ̀yinná sínú ìkòkò, mo fi èèpo àgbọn tútù lé e kó lè máa rú láìjó, mo gbé e sí ìdí àkàbà, mo tún gòkè lọ yí àgbàdo síbi tí èéfín yóò ti kàn án. Ojú títì ni mo ti ṣa èèpo àgbọn náà, n kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Èéfín náà ń ṣe dáadáa títí mo fi gbọ́ tí obìnrin kan níta ń pariwo pé ilé ń jó. Mo yọjú láti ojú ihò òrùlé, èmi náà bá wọn pariwo, mo ń béèrè pé ilé ta ni. Gbogbo agboolé rọ́ wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé fi orí gbá àkàbà yín, ó bínú, ó tì í sókè kí ọ̀nà lè là, ìlẹ̀kùn àjà sì pa dé mọ́ mi. Ta ni ń ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí? Èmi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni àkàbà wà, n kò sì lè lò ó!

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn mi tí wọ́n fa àkàbà wálẹ̀, mo di èyí tó dára jù nínú àgbàdo mọ́ ìró, mo ki ẹsẹ̀ bọ ihò, ibàdí mi há. Ẹsẹ̀ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí mi wà ní àjà. Bàbá Ṣàíbù onílé yín ń bẹ̀ mí nísàlẹ̀ pé kí n sọ àgbàdo náà nù. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ iye tó máa san lé e lórí. Kàkà kó fèsì, ó da omi, omi náà kan iná, ó kan àgbàdo, ó kan èmi. Wọ́n pe Kàsímù, ó wò ó, ó ní kò sí àbùkù, pé ìwọ̀n ihò pé. Ìwọ̀n pé, mo sì há síbẹ̀! Wọ́n fà mí, ìró mi ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì lo fi mí sínú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú, o ní kí n lọ sinmi. Mo rò pé ìsinmi ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ọṣẹ dúdú ti wà nílẹ̀, àdí ti wà nílẹ̀, mo ti ra kànrìnkàn tuntun. Àǹtí Àlímọ̀t lè mọ èlùbọ́ tà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ti wádìí, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, wọ́n ní ọmọ náà kì í ṣí fìlà.

Nítorí náà, mò ń bọ̀ bí oṣù yìí bá ti parí. N kò ní dá iná. Kí àgbàdo wà lókè, kí ìyá wà nílẹ̀. Ẹ ká àkàbà yín sókè, kí ẹ tẹ́ ẹní mi síbi tó máa ń dúró sí gan-an, ó gbà mí, mo ti fi apá wọ̀n ọ́n. Ìlò kan ṣoṣo tí mo rí fún náírà méjìdínlógún yẹn nìyẹn. Fi náírà mẹ́rin ránṣẹ́, ọ̀kan fún ọkọ̀, mẹ́ta fún ìró. Sọ fún Bàbá Ṣàíbù pé n kò gba owó àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, mo gbọ́ pé Àlímọ̀t ti lọ èyí tí omi kàn ní ògì, omi tó dà ti bá wa rẹ ẹ́.

Ọlọ́run yóò sọ Àlímọ̀t kalẹ̀ láyọ̀. Bí ihò àjà yín ṣe há mọ́ mi, ọ̀nà kò ní há mọ́ ọmọ náà. Bó bá sì ti dé, ọwọ́ mi ni omi yóò ti kọ́kọ́ kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù.