Páìpù, Àgùàlà àti Ojú Àṣá

Sátidé, 1 Èrèlé

Páìpù ti gòkè! Èmi àti Àbúdù, oníwáyà ilé kejì, la jọ gbé e gba àtẹ̀gùn tóóró yẹn dé orí dẹ́kìn, òrùlé pẹrẹsẹ ilé wa, ó sì gbá mi lórí kó tó débẹ̀. Tókunbọ̀ ni, awò ìwòràwọ̀ tí òyìnbó kan ti lò sú. Gbogbo agbo ilé ní páìpù omi ni. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rò pé omi ẹ̀rọ ń bọ̀, wọ́n á fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Èmi tí mo ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní CMS látàárọ̀ — ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ jẹ́ n rí etí yín — ìràwọ̀ ni oníbàárà mi nírọ̀lẹ́. Wọn kì í fajúro pé mo jẹ́ kí imú àwọn tóbi.

Lónìí oṣù wà lókè ọ̀hún níhà Àpápá, Àgùàlà sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Mo so kámẹ́rà mọ́ ìdí Páìpù, mo yà wọ́n. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ajá yìí ní ìwo! Mo wò ó nínú Páìpù, kò rí roboto. Ó ṣe bí oṣù kékeré. Mo kà á lórí fóònù pé ibi tí oòrùn tàn sí lára rẹ̀ nìkan là ń rí, bíi ti oṣù gẹ́lẹ́. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo pariwo.

Àtìní, 3 Èrèlé

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń gbọn gbogbo dẹ́kìn. Ìràwọ̀ tí mo yà di ekòló.

Àlàmísì, 6 Èrèlé

Mo wá Sátọ̀n rí, èyí tí wọ́n ní ó ní òrùka. Lọ́dún yìí ẹ̀gbẹ́ ni òrùka náà kọ sí wa, tín-ín-rín bí etí abọ́. Ká ní ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá ni, ǹ bá ní kó jókòó dáadáa.

Sọ́ńdè, 9 Èrèlé

Wàhálà. Bàbá Àgbà gbọ́ pé Páìpù kì í ṣe ti omi.

Alhaji Ṣéhù, bàbá tó bí bàbá mi, olórí agbo ilé. Lábẹ́lẹ̀, Ojú Àṣá la máa ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí oṣù ààwẹ̀ ládùúgbò wa. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi lórí dẹ́kìn, Ìyá Àgbà Hàlímọ̀ lápá òsì rẹ̀, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ọkọ ìyàwó àti ìyàwó. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ká tó rẹ́rìn-ín tán, ìka Bàbá á ti nà sókè, oṣù á sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni Ìyá Àgbà kú. Láti ìgbà náà, Bàbá kò tíì rí oṣù kankan. Ó ní èéfín ni. Ó tún ní àwọn ilé gíga Marina ni. Lóṣù tó kọjá, ó ní àwọn wèrè tó ń mú drone fò ni.

Ó ní ilé yìí kò nílò gíláàsì láti rí oṣù. Kí ọjọ́ tí a máa wá oṣù Ràmàdáánì tó pé, kí Páìpù sọ̀ kalẹ̀, kó má sì gòkè mọ́ láéláé.

Láéláé! Níbo ni n fẹ́ gbé e sí? Nínú yàrá tí èmi àti ẹrù ṣọ́ọ̀bù jọ ń du àyè? Dẹ́kìn yìí nìkan ni mo ní láyé.

Sọ́ńdè, 16 Èrèlé

Mo pe àwọn ará ilé wá wo Júpítà, bóyá wọ́n á bá mi bẹ Bàbá. Àǹtí Hàwáwù ló kọ́kọ́ dé. Àbúrò bàbá mi obìnrin. Rédíò Aláìníbátìrì ni mò ń pè é níbí, torí kò sí ìròyìn tó ń sùn sí i nínú.

Ohun tó sú mi ni pé olúkúlùkù ló ń yí fókọ́ọ̀sì, kókó tó ń mú àwòrán mọ́ kedere, sí ojú tirẹ̀. Mo yá ọ̀dà èékánná Rédíò, mo fi sàmì pupa síbi tí ojú tèmi ti ríran kedere. Rédíò yí i díẹ̀ ṣíún. Àbúdù bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó wò ó, ó sì yí i kọjá àmì gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí: bí ojú ẹni bá ṣe burú tó, bẹ́ẹ̀ ni fókọ́ọ̀sì rẹ̀ máa jìnnà tó. Mo fi ìyẹn bú Àbúdù títí ó fi bínú lọ.

Kò sẹ́ni tó bá mi bẹ Bàbá.

Àlàrùba, 19 Èrèlé

Ìyá ilé iwájú ní mò ń fi Páìpù wo òun ní balùwẹ̀. Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Júpítà ni mo ṣì ń wò lọ́wọ́, ó sì tó mi.

Sọ́ńdè, 23 Èrèlé

Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀. Fídíò ni kéèyàn ṣe, kì í ṣe fọ́tò. Kọ̀ǹpútà á tú fídíò sí fọ́tò rẹpẹtẹ, á ṣa àwọn tí afẹ́fẹ́ kò gbọ̀n, á wá tò wọ́n léra wọn di ẹyọ kan. Mo fi Àgùàlà dán an wò. Ó ti tín-ín-rín ju ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lọ, ó sì tún tóbi sí i. Ìwo méjèèjì mú ṣáṣá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Mo fi ṣe ojú fóònù mi. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun alẹ́.

Àlàmísì, 27 Èrèlé

Ohun tí ojú mi rí lónìí kọjá àfẹnusọ.

Mo gbé fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀, mo lọ ṣe àlùwàlá Mọ̀gàríbì. Rédíò rí ojú fóònù mi. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó fi fóònù tirẹ̀ ya tèmi, ó jù ú sí gúrúùpù ẹbí: Oṣù ti yọ o! Yàkúbù wa ti sínáàpù ẹ̀! Kí n tó fọ ẹsẹ̀ òsì tán, ẹnì kan ti sáré lọ ra dàbínù, wọ́n ti ń bó ẹ̀wà sààrì ní kíṣìnnì, àwọn ará ìta ti ń tẹ́ ẹní ìrun àṣámù. Mo ń ké pé Àgùàlà ni, Àgùàlà ni! Ta ló ń gbọ́? Àbúdù dì mọ́ mi, ó ní mo ti gbé àdúgbò wa, Ìsàlẹ̀ Gángan, níyì.

Ni Bàbá bá jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: oṣù wo ló ń jẹ́ ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n? Ọmọ ilé kéú mọ̀ pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ni oṣù ojú ọ̀run ń jẹ́, òní sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Odindi agbo ilé Mùsùlùmí! Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó kò ṣeé dá padà sínú èèpo, mọ́ínmọ́ín la jẹ sùn.

Bàbá ní kí n mú òun lọ síbi tí irọ́ náà ti wá. Àgùàlà kò tíì wọ̀. Ó tẹjú mọ́ Páìpù, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé fókọ́ọ̀sì. Ó yí i, ó yí i, ó tún yí i. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ kúrò. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ tó sọ wẹ́lẹ́ pé, “Sùbùhánàlláhì. Ó mà ti pẹ́ o.”

Ó fi etí agbádá nu ojú, ó ní lọ́la, kó tó di Mọ̀gàríbì, kí Páìpù sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí òun sọ kò yí padà.

Nígbà tó lọ, mo yọjú wò ó. Àgùàlà ti di òwú. Mo wo àmì pupa. Bàbá ti yí i kọjá rẹ̀, ó kọjá ibi tí Àbúdù yí i dé, ó lọ jìnnà réré.

Ojú Àṣá kò ríran.

Lọ́la ni gbogbo ilé máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á máa wo ìka rẹ̀. Ràmàdáánì àkọ́kọ́ láìsí Ìyá Àgbà. Bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ó di ti Rédíò. Bí mo bá dákẹ́, á tẹ́ ní gbangba. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ti Páìpù.

Jímọ̀, 28 Èrèlé

Mo gbé Páìpù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀. Ó tún gbá mi lórí.

Nírọ̀lẹ́, dẹ́kìn kún. Ọyẹ́ díẹ̀ wà. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, agbádá funfun, àgbọ̀n sókè, ó kọjú sí Marina — Marina! — níbi tí oṣù kò ti yọ rí. Kò sẹ́ni tó dúró lápá òsì rẹ̀. Wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún òkú. Èmi lọ dúró síbẹ̀.

Mo ń wo òkè Àpápá títí ojú fi ń ro mí. Rédíò ti ń kùn pé ó jọ pé ọ̀la ni. Bí mo ṣe ṣẹ́jú, ó wà níbẹ̀: tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun. Mo di etí agbádá Bàbá mú, mo fà á sí ọ̀tún. Kò wò mí. Ó yí padà, mo fà á díẹ̀ sí i, ìka rẹ̀ nà sókè gẹ́lẹ́ lábẹ́ oṣù. Ó ní, “Ó ti yọ!”

Gbogbo dẹ́kìn tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Àbúdù rí i. Rédíò rí i, ó ti ń tẹ fóònù. Allahu Akbar gba òkè kan. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kírun, ó ku èmi àti Bàbá. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi ká lè sọ̀ kalẹ̀. Nídìí àtẹ̀gùn, ó ní kí n gbé páìpù mi padà sókè lẹ́yìn ìrun. Mo dúpẹ́. Mo ní lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a máa jọ lọ rí dókítà ojú. Ó ní ó dáa.

A sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró.

“Ìyá àgbà ẹ kì í fa agbádá mi ya báyìí o, Yàkúbù. Ó máa ń rọra tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni.”