Ẹ̀mí Kẹta Nínú Ìwé Ilẹ̀ Knockrua

Ilé Ẹnu Géètì,
Knockrua,
Roscommon.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1938.

Lionel, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Sybil ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ní London, kí ikọ́ tó ń bá àbíkẹ́yìn yín jà sì ti fi í sílẹ̀. Ní tèmi, orúnkún ń dùn mí, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì bíi ti Bàbá Àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú, bí o ṣe máa rí i láìpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Túsìdé. O dúpẹ́ pé mo gbà kí àwọn ìwé ìdílé wa lọ sí ilé ìkàwé ní Dublin. O ní ìwé tí o kọ nípa ìtàn àwa Wrixham yóò jáde kí ọdún Àjíǹde tó dé. Mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ lẹ́tà, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀, o ní kí n bá ọ yọ lẹ́tà America kan kúrò nínú àpótí kí àwọn ará Dublin tó dé, kí àwọn èèyàn má baà túmọ̀ rẹ̀ sódì. Lionel, kò sí bí èèyàn ṣe lè túmọ̀ lẹ́tà yẹn sódì. Ọmọ ọdún méjìlá ló kọ́kọ́ kà á, ó sì yé e kedere. Èmi ni ọmọ náà.

Mo ti ka àwọn ojú ìwé tí o fi ránṣẹ́. Ní ojú ìwé ogójì, o kọ ọ́ pé ilẹ̀ àwọn Tansey tó wà létí adágún "padà sọ́wọ́ ìdílé wa ní ọdún 1878 nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé." Ọjọ́ rẹ̀ kò pé. Jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, nítorí bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ sí ìtẹ́ òkú tán, ó ku èmi nìkan.

Ìwé ẹ̀mí mẹ́ta ni ìwé tí Bartley Tansey fi ń dáko lórí ilẹ̀ wa. Wọ́n kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta sínú rẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì ń mí, ilẹ̀ náà kò kúrò lọ́wọ́ Bartley. Ọmọ ọba kan ní England ni orúkọ àkọ́kọ́, torí gbogbo ayé gbà pé àwọn ọmọ ọba kì í tètè kú. Ẹṣin gbé ọmọ ọba náà ṣánlẹ̀, ó kú. Ẹ̀gbọ́n Bartley ni ìkejì, ibà pa òun náà. Ẹnì kẹta ni Delia, ọmọ Bartley, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Láti kékeré, wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ omi, wọn kì í jẹ́ kó sún mọ́ màlúù tó ń kàn. Bó bá gun igi, ìyá rẹ̀ á fi igbe ta láti ilé ìdáná pé: "Delia, sọ̀ kalẹ̀! Ilẹ̀ wa lo gbé gun igi yẹn!"

Delia yìí ló tọ́ mi. Ìyá mi kú nígbà tó bí bàbá rẹ, Delia sì wá sílé wa láti máa tọ́jú mi. Òun ló kọ́ mi ní oókan eéjì lédè àwọn ará ibí, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya irun mi, òun ni mo ń pè bí mo bá lá àlákálàá. Mo pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní màlúù méjì, tí kò ní eyín tó tó màlúù. Delia kọ̀ jálẹ̀. Bartley ní: "Bí o bá jáde nílé yìí, má kọ̀wé sí mi. N ò bímọ." Delia ní: "Ẹ ò ní rí ìlà kan lọ́wọ́ mi láéláé." Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí America. Olórí kunkun méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nígbà yẹn. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá lọ sókè òkun fún ọdún méje, tí kò sí ẹ̀rí pé ó wà láàyè, òkú ni wọ́n máa kà á sí. Nígbà tí ọdún keje ń lọ sópin ni Bartley tó ta jí. Ó bẹ àlùfáà kí ó bá òun fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn tí àwọn ará wa ń kà ní Boston, ní America. Delia rí i. Àlùfáà tirẹ̀ ní America sọ fún un pé ọwọ́ onílẹ̀ ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dé, kó kọ̀wé sí onílẹ̀. Ó kọ ọ́. Kò kọ ọ̀kan sí bàbá rẹ̀, torí ìbúra rẹ̀. Ó gbà pé bàbá òun á gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá náà ni Bàbá Àgbà wa.

Bàbá Àgbà ti fọ́jú nígbà yẹn. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún un lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ṣì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí: "Èmi, Delia Tansey, ọmọ Bartley, wà láàyè, ara mi le, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ ní Worcester, ẹni tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ni àlùfáà mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ fún bàbá mi pé mo ń bẹ. Ẹ bá mi fẹnu ko Nonie lẹ́nu." Èmi ni Nonie. Mo fò sókè, mo ń jó yí tábìlì ká. Bàbá Àgbà dúró títí mo fi jó tán. Ó wá ní: "Òkú kì í kọ lẹ́tà, Nonie. Fi í sínú àpótí, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo fi í sínú àpótí.

Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ilẹ̀ etí adágún yẹn fún màlúù rẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. O lè béèrè pé kí ló dé tí kò sun lẹ́tà náà. Àwọn Wrixham kì í sun ìwé. À ń tọ́jú rẹ̀ ju ọmọ lọ.

Ọjọ́ kẹta ọjọ́ náà ni Bartley wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ilé, ó ṣí fìlà, òjò ń pa á lórí. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nǹkan kan ti America dé?" Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní: "Bartley, o mọ̀ pé mi ò ríran. Ọmọ yìí ló ń ka ìwé fún mi, bi í." Bartley bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé tèmi. Ó ní: "Nonie mi, ṣé Delia kọ̀wé?"

Mo ní: "Rárá."

Ó ti pé ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń wá àwáwí. Mo ti sọ fún ara mi pé ọmọdé ni mí, pé ẹ̀rù bà mí, pé wọn ò sọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún mi. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Delia wà lọ́nà jíjìn, Bàbá Àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìn mí, ó sì yìn mí lóòótọ́.

Nínú oṣù karùn-ún ni àwọn akódà kóòtù lé wọn jáde, wọ́n sì fa òrùlé ilé náà lulẹ̀ kí wọ́n má baà padà wọ ibẹ̀. Ilé àwọn aláìní ni Bartley kú sí kí Kérésì tó dé. Kó tó kú, ó ti ní kí wọ́n ṣe Máàsì òkú fún Delia. Àdánù ilẹ̀ kọ́ ló pa á, Lionel. Ó kú pẹ̀lú èrò pé òun lé ọmọ òun lọ sí ikú. Delia, ní tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti máa rò pé bàbá òun gbọ́ pé òun wà láàyè, kò sì bìkítà. A kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

O mọ ìtàn ọdún 1922, o ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú omijé púpọ̀. À ń mu tíì ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ń sun ilé àwọn onílẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé dé pẹ̀lú garawa epo. Ohun tí o kò kọ ni pé Malachy Tansey, ọmọ ọmọ Bartley, tí arákùnrin Delia bí, wà lára wọn. Òun ló bi mí pé: "Mísì, kí lẹ fẹ́ ká bá yín gbé jáde?" Mo ní àpótí ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ìyá míì á ní ṣíbí fàdákà, ẹ̀yin ní ìwé! Ṣé ẹ máa jẹ ìwé lálẹ́ ni?" Ó gbé e lé èjìká, ó gbé e dé abẹ́ igi, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wò ó. Mo mọ ohun tó wà léjìká rẹ̀. N ò sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilé kékeré yìí, Malachy, tó ń tún títì ṣe fún ìjọba, kò jẹ́ kí òtútù mú mi lọ́dún kan. Á gé ilẹ̀ àbàtà, á sá a gbẹ, á kó o wá sẹ́nu ọ̀nà mi kí n lè fi dáná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúpẹ́, ó ní: "A ti sun ilé yín, Mísì. Ká tún wá jẹ́ kí òtútù pa yín, àṣejù nìyẹn." Á wọlé, á mu tíì ife méjì, á bú ìjọba, á lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. N ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn ní gbogbo Roscommon.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán lọ́jọ́ Túsìdé, mo yọ lẹ́tà America náà kúrò nínú àpótí bí o ṣe ní kí n ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sílé Malachy. Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní: "Oṣù àdúrà fún àwọn òkú la wà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ orúkọ Delia sínú ìwé àwọn òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdọọdún là ń kọ ọ́, láti ìgbà bàbá mi." Ó wá pẹ́ńsùlù, ó da àdírẹ́sì Worcester yẹn kọ sẹ́yìn káàdì kan, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Ó ní: "Afọ́jú ni bàbá yín àgbà. Ta ló kà á fún un?"

Mo ní: "Èmi ni."

Ó ní: "Bàbá mi máa ń sọ fún wa ohun tí Bartley sọ kó tó kú. Ó ní ọ̀gá lè parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí Delia fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ò lè wo ojú òun kó parọ́ fún òun. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà pé Delia ti kú." Ó ká lẹ́tà náà bó ṣe wà, ó dá a padà fún mi, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọkùnrin ilé ìkàwé wá pẹ̀lú mọ́tò lánàá, Fúráìdé, ó kó gbogbo àpótí lọ. Lẹ́tà America wà nínú rẹ̀, òkè pátápátá ni mo fi í sí. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Honoria Wrixham, ọmọ ọdún méjìlá, ló ka lẹ́tà yìí sókè fún bàbá àgbà rẹ̀, ó sì sọ fún Bartley Tansey pé kò sí lẹ́tà." Mo fọwọ́ sí i, mo fi ọjọ́ sí i. Nítorí náà, tún ojú ìwé ogójì rẹ kọ, tàbí kí o fi í sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa fi ọ́ ṣẹ̀sín. Kò sí àṣegbé, Lionel, àṣepamọ́ ló wà, èyí sì ti kúrò ní ìpamọ́.

Kí Ọlọ́run dá ilé rẹ sí. Kí ó fún àwọn ọmọ rẹ ní ìlera, kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ lé wọn léjìká kó tó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bó bá sì gbé e, kí wọ́n ní ẹnu tí èmi kò ní.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Honoria Wrixham.

Àfikún: O béèrè bóyá mo ní ohun tí màá fi dáná nígbà òtútù yìí. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo rí ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí wọ́n tò létòlétò sẹ́nu ọ̀nà mi bíi ti ọdọọdún. Malachy kò kanlẹ̀kùn. Mo gbé omi tíì kaná, mo gbé ife méjì kalẹ̀, mo dúró títí di ọ̀sán. Mo búra pé n ò ní fọwọ́ kan ohun tó kó wá náà. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo fi dáná. Òtútù kò mọ ìtìjú.