Ẹ̀gún Tó Wà Lápá Mi

Màámi, ẹ kú àárò wa o. Ara wa le níbí ní Araromi-Obu. Kòkó ń so dáadáa, Pamílẹ́rìn sì ti ń sáré kiri abà.

Ṣé ẹ rántí rọ́bà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí èmi pẹ̀lú yín jọ lọ fi sábẹ́ awọ apá mi, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi nígbà tí mo bí Pamílẹ́rìn? Ọwọ́ bàbá rẹ̀ bà á. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ẹ̀gún ọ̀pẹ ló kán sí mi lára. Ẹ mọ̀ pé aláàánú ni. Ó fi epo pupa pa á, ó mú abẹ, ó yọ ọ́ bí a ṣe ń yọ ẹ̀gún lóko. Ó gbé e sórí ewé, ó wò ó títí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Ore, ó ń ṣèwádìí lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó bi mí bóyá mò ń lo nǹkan kan. Mo ní, "Rárá o." Ó ní kí ló dé? Bàbá Pamílẹ́rìn gbà á lẹ́nu mi: "Ẹ̀gún ò dáa lára èèyàn." Mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ má dààmú, ojú egbò ti jinná. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Títílọpẹ́ dáadáa. Ọ̀já tí mo fi pọn Pamílẹ́rìn, tí mo ní kẹ́ ẹ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un.

Èmi ọmọ yín,
Ọláwùnmí