Ráfíátù lórí bẹ́ńṣì

Ọjọ́rú, Treichville

Ọ̀rọ̀ òní ò yé mi.

Níbi entretien, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, fún iṣẹ́ tuntun ládùúgbò Biétry, ọ̀gá kan ní kí n dárúkọ ẹni tá a jọ mọwọ́ ara wa níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ní Ráfíátù, tá a jọ ń jẹ attiéké nínú abọ́ kan. Mo ní a kì í fi nǹkan pamọ́ fúnra wa.

Bí mo ṣe jáde, òun ni mo bá lórí bẹ́ńṣì, tó ń dúró kí wọ́n pè é.

Àná ni mo purọ́ fún un pé eyín ń dùn mí, pé n ò ní wá síbi iṣẹ́ lónìí. Òun náà ní òun fẹ́ gbé ìyá òun lọ sọ́sibítù.

"Eyín ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní ó ti fúyẹ́. Mo wá béèrè ìyá ẹ̀.

Wọ́n pè é, ó wọlé. Kí ló máa sọ nípa mi? Èmi gan-an, nígbà tí mò ń sọ fún ọ̀gá yẹn pé a kì í fi nǹkan pamọ́, mo rò pé òótọ́ ni.