Sylvestre Fágbóhùn, Ẹni Tó Sọ Ẹrù Àgàn Kalẹ̀ Lórí Aya Rẹ̀

Ní ẹsẹ̀ òkè Dassa-Zoumè ni a ti bí Olóògbé Sylvestre Fágbóhùn lọ́dún 1922. Àgbẹ̀ oníṣu ni Nicolas baba rẹ̀. Àìná ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò tà. Sylvestre kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fadá, ó sì kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìjókòó tí ọ̀pọ̀ yín ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Lọ́dún 1948 ó gbé Odile, ọmọ ìlú Paouignan, níyàwó. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ kò dé. Gbogbo àgbo, Odile ló mu ún; gbogbo ọ̀rọ̀ kòbákùngbé, Odile ló gbọ́ ọ. Ní 1963, ẹbí pinnu pé kí ó padà sílé baba rẹ̀. Sylvestre ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnù.

Àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀ rẹ̀ kò ní irúgbìn tí ń di ọmọ. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà jáde ló dí, ó sì lè jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n gan-an ni kò ṣe irúgbìn. Àfi kí wọ́n gé bíńtín lára kóró náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ní labọ́, yàrá àyẹ̀wò wọn. Ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin wo ni ẹ̀rù kò ní bà? Síbẹ̀ ó ní, "Dókítà, ẹ gé e. Ìyàwó mi ti mu kíkorò tó."

Èsì dé: ọ̀nà kò dí, irúgbìn ni kò sí.

Odile ní ojú ọkọ òun ti wú nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Sylvestre sọ fún un pé bó bá fẹ́ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, òun kò ní dí i lọ́wọ́. Odile fèsì pé, "Ìkòkò wà lórí iná, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Sylvestre wá pe ẹbí jọ. "Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni kò lè bímọ. Ẹ má pe Odile ní àgàn mọ́."

Martine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pariwo: "Sylvestre, bo àṣírí ara rẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ tí mo fi ń bora láti ọjọ́ yìí wá, ara Odile ni mo ti bọ́ ọ."

Martine fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Odile, ó sì fa Jeanne ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ láti tọ́.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ọkùnrin tí kò rí ọmọ bí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá Sylvestre. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú wọn lọ sí Kútọnù. Ní ti Séverin ará Paouignan, ọ̀nà ló dí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì bí Victoire.

Sylvestre fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1969. Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Odile aya rẹ̀, Martine ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jeanne tí ó tọ́ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, àti Victoire, tí ń pè é ní Baba Àgbà.

Rọra máa lọ, ọkọ Odile. Kí ilẹ̀ òkè wa rọ̀ ọ́ lára, kí Olúwa gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.