"Kò Tó Nǹkan" Tí Mo Sọ Nípa Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ìṣẹ́-Èkìtì, Ọjọ́rú, oṣù kọkànlá, 1999

Kóòtù Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Adájọ́ ti fagi lé ìwé pátẹ́ǹtì, ìwé àṣẹ pé èmi nìkan ló ni iṣẹ́ náà, tí mo gbà lórí ohun tí mo fi ń so wáyà pọ́ńpù nínú kànga, tí omi kì í wọ̀. Ó ní kò sí ọgbọ́n tuntun níbẹ̀, pé oníṣẹ́ iná yòówù ló lè ronú kàn án.

Ọdún mẹ́rin ni èmi oníṣẹ́ iná yòówù fi ronú kàn án. Pọ́ńpù mẹ́ta ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Àjàyí, tí a jọ ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ni adájọ́ gùn lé. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀dà iṣẹ́ mi ló pè é ní ẹlẹ́rìí. Lọ́yà wọn bi í pé kí ni mo sọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi han àwọn olùkọ́. Ó wolẹ̀.

"Ó ní kò tó nǹkan. Ó ní ta ni kò lè ṣe é."

Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á tún fèsì? Ọmọ Yorùbá ni adájọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé mo fi búra.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tí Ìyá Fẹ́mi, aládùúgbò wa, fi wọlé. Pọ́ńpù tí mo bá wọn tún ṣe lánàá ti ń fa omi.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Omi ti dé ulé wa."

Mo lanu. "Kò tó nǹkan, ìyá," ni mo gbọ́ tó jáde.